Ìyá Wo Ló Ń Bá Wa Sọ̀rọ̀ Nínú Màgásíìnì?

   

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ olóòtú fẹ́ sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngàn wa. Ọ̀rọ̀ ìpolówó oògùn ni, èyí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn obìnrin nínú màgásíìnì. Kí a tó kọ ọ́, a bẹ ẹ̀yin ìyá ilé pé kí ẹ kó màgásíìnì àtijọ́ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín wá fún wa. Ẹ sì kó o wá dáadáa: ti Èkó, ti ìlú òyìnbó tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́, ti ẹgbẹ́ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. A tò wọ́n sórí tábìlì, a fo ìtàn ìfẹ́ àti àwòrán ìgbéyàwó kọjá, ìpolówó oògùn nìkan ni a kà. Ohun tí a rí níbẹ̀ ló mú wa kọ èyí.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ohun kékeré ni. Kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó wà lájò. Nígbà tí ìyàwó tuntun bá ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà tàbí Ìjẹ̀bú bá ọkọ rẹ̀ wá sí Sábọ̀n Gàrí, ó lè gbé àpótí wá, ó lè gbé ìkòkò wá, ìyá rẹ̀ ni kò lè gbé wá. Nílé, bí inú bá ń run ún nígbà nǹkan oṣù, bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ilẹ̀kùn ìyá tàbí ti ìyá ọkọ ni yóò kàn. Níbí, ọkọ ti lọ sọ́jà, aládùúgbò ń sọ èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa, ìtìjú sì ń mú un. Ohun tó wà nítòsí ni màgásíìnì. Nínú rẹ̀, obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń bi í bóyá ó ń rẹ̀ ẹ́, bóyá ọkọ rẹ̀ kò kà á sí mọ́, ó sì ń sọ fún un pé kó má sunkún mọ́. Ohùn ìyá ni. Ìbéèrè wa ni pé: ìyá wo?

ÌPOLÓWÓ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn ìyá wa ti ń kiri ẹ̀kọ, àkàrà àti iṣu, tí wọ́n ń fi ohùn dídùn pe oníbàárà. Kò sí ẹni tó ń polówó ọjà rẹ̀ pé kò dùn, a kò sì bínú sí wọn fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá alágbo. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín: "Ṣé o lóyún? Ọjọ́ mélòó ló ti ń ṣe ọ́? Kí lo ti lò tẹ́lẹ̀?" Bí agbo rẹ̀ bá da inú yín rú lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ẹ ó gbé ìgò náà padà lọ bá a níbi tó jókòó sí, ẹ ó sì bá a jà bí ẹ bá fẹ́. A kò sọ pé alágbo kì í ṣe àṣìṣe. Ó ń ṣe é, ojú ló fi ń wọn oògùn. Ohun tí a ń sọ ni pé ó ní ojú, ó ní etí, ó sì ní ibi tí a ti lè rí i lọ́la.

Obìnrin inú màgásíìnì ní ẹnu, kò ní etí. Ó ń bèèrè, kò dúró gbọ́ èsì. Ohun mẹ́ta ni a fi yẹ ìpolówó kọ̀ọ̀kan wò nítorí náà: Ta ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀? Kí ló wà nínú ìgò? Níbo ni a ó ti rí i bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́?

ÌYÁ TÓ TI KÚ, TÍ WỌ́N ṢÌ Ń KỌ LẸ́TÀ SÍ

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo obìnrin tó ń ka màgásíìnì mọ̀. Ní ọdún 1875, ní ìlú Lynn, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ìdílé kan tí ọrọ̀ ajé ti dojú rú fún bẹ̀rẹ̀ sí í ta agbo tí ìyá ilé wọn, Lydia Pinkham, máa ń sè fún àwọn aládùúgbò. Wọ́n ní ó ń wo inú rírun, àárẹ̀, ilé ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ àti gbogbo àìlera obìnrin. Nígbà tó ṣe, wọ́n fi àwòrán ìyá náà sínú ìpolówó: ìyá àgbà tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí irun rẹ̀ wà létò, tí ojú rẹ̀ tutù. Ìpolówó náà ní kí obìnrin tí ara rẹ̀ kò bá yá kọ lẹ́tà sí Ìyá Pinkham, pé kò sí ọkùnrin kankan tí yóò rí lẹ́tà náà. Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́, láti ibi gbogbo.

Kí a má purọ́ mọ́ ìyá náà. Ìdí wà tí àwọn obìnrin fi sá lọ bá a. Ọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo dókítà ayé ìgbà náà, àwọn kan lára wọn sì ń la ikùn obìnrin láti yọ ilé ẹyin tí kò ní àbùkù kúrò nítorí ìrora nǹkan oṣù tàbí nítorí ìrònú. Àwọn obìnrin ń kú sí i. Ẹni tó bá sọ fún wọn nígbà náà pé "mu agbo mi, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn ọ́" kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ìpolówó tó lágbára kì í dúró lórí irọ́ nìkan. Orí ìyà tó jẹ́ òótọ́ ló máa ń dúró sí, lẹ́yìn náà ni yóò wá ta ohun mìíràn fún wa.

Ní ọdún 1883, Lydia Pinkham kú. Lẹ́tà kò dúró, ìpolówó kò dúró, èsì kò sì dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ló ń dá àwọn obìnrin lóhùn. Ní 1905, màgásíìnì Ladies' Home Journal, tí Edward Bok jẹ́ olóòtú rẹ̀, tẹ àwòrán òkúta ibojì ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ ìpolówó tó ṣì ń sọ pé ó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Lynn tó ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́. Ó ti tó ọdún 22 tó ti wà nínú ilẹ̀. Àwọn obìnrin tí kò lè sọ àṣírí ara wọn fún ọkọ ti ń sọ ọ́ fún òkú, ilé-iṣẹ́ kan sì ń ka àṣírí náà.

Kí ló wà nínú ìgò náà? Egbò àti ewé, àti ọtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ó le ju ìlọ́po mẹ́ta bíà lọ. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1906 ló fi ipá mú àwọn tó ń ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ láti kọ iye ọtí inú rẹ̀ sára ìgò. Ṣáájú ìgbà náà, obìnrin tó kórìíra ọtí, tó ń gbàdúrà fún ọkọ ọ̀mùtí, lè máa mu ún ní ṣíbí ṣíbí láìmọ̀.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N SỌ ÀGBÀ DI ÀRÙN

Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró kò di aláìsàn. Ó di ìyá àgbà. Wọ́n ń pè é sí ìpàdé tí wọn kò pè é sí tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń wúwo sí i nínú ẹbí. Òótọ́ ni pé ara lè máa gbóná lójijì, oorun sì lè dá, kò sì yẹ kí a fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìyípadà ara ni, bí híhu ewú.

Ní 1966, dókítà kan ní New York tó ń jẹ́ Robert Wilson gbé ìwé kan jáde tó pè ní Feminine Forever. Ó ní àìsàn ni dídúró nǹkan oṣù, pé ohun kan ti tán nínú ara obìnrin tó yẹ kí a máa fi oògùn dá padà, bí alátọ̀gbẹ ṣe nílò insulin. Oògùn tó ń sọ ni estrogen. Màgásíìnì Look àti Vogue tẹ apá kan ìwé náà jáde fún àwọn òǹkàwé wọn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: kò ní àmì ìpolówó lára. Ó jọ ìmọ̀ràn dókítà. Ní 2002 ni ọmọ dókítà náà wá sọ fún oníròyìn pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà ló gbé owó tí bàbá òun fi kọ ìwé.

Àwọn obìnrin lo oògùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1975, ìwádìí fi hàn pé estrogen nìkan ń mú kí jẹjẹrẹ ilé ọmọ pọ̀ sí i. Wọ́n fi oògùn mìíràn kún un láti dáàbò bo ilé ọmọ. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi obìnrin 16,608 ṣe ní láti dúró kó tó parí, nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú, rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo oògùn méjèèjì pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eegun wọn kò tètè ṣẹ́.

A kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ ti tún èsì náà yẹ̀ wò, wọ́n sì ní obìnrin tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, tí ooru ara ń dà láàmú gidigidi, lè rí àǹfààní nínú rẹ̀ bí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Oògùn náà kì í ṣe ọ̀tá. Ohun tó ṣe aburú ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tà á: pé gbogbo obìnrin ló nílò rẹ̀, títí láé, nítorí pé àgbà dídà jẹ́ àbùkù.

Àpẹẹrẹ kékeré kan tún wà. Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Eli Lilly ní Amẹ́ríkà mú Prozac, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí gbogbo ayé mọ̀, ó kó o sínú kápúsù aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ àti àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sọ ọ́ ní Sarafem, oògùn fún ìbànújẹ́ àti ìbínú líle tó ń ṣe àwọn obìnrin kan kí nǹkan oṣù tó dé. Ọdún kan péré ló kù kí ẹ̀tọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ní láti máa dá Prozac ṣe parí. Àìsàn náà wà lóòótọ́, oògùn náà sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níbẹ̀ kìlọ̀ fún wọn lọ́dún náà pé ìpolówó wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ń da àìsàn líle yìí pọ̀ mọ́ ìbínú lásán tó ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹni kan náà ló pààrọ̀ aṣọ, tó tún padà wá kí wa.

NÍLÉ WA ŃKỌ́?

Ní Nàìjíríà, òfin kò gbà kí a polówó oògùn tí a ń fi ìwé dókítà rà fún gbogbo ènìyàn, bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà. NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kó tó jáde. Àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìpolówó, tó ń jẹ́ APCON tẹ́lẹ̀, ti di ARCON láti 2022. Òfin wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó kún orí tábìlì wa: oògùn ẹ̀jẹ̀, tíì tó ń fọ ikùn, ìpara tó ń mú ara "tàn", àti agbo inú ìgò tó ń wo "gbogbo àrùn obìnrin".

Ìbéèrè tó ń dójú ti ni ló máa ń ṣáájú. Àwòrán obìnrin tí ara rẹ̀ pupa ju ti ẹnikẹ́ni nínú wa lọ ló tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́rìí kan yóò wá jẹ́rìí, ìyáàfin kan "láti Ìbàdàn", kò sí àdírẹ́sì, kò sí ojúlé. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́wẹ́ yóò sọ pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní agbo náà ń ṣe. Ìyìn fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ìkìlọ̀ kéré bí èèrà. Ọ̀pọ̀ wa rí nọ́ńbà NAFDAC, a sì rò pé ìjọba ti jẹ́rìí pé agbo náà ń wo àrùn. Gbólóhùn wẹ́wẹ́ yẹn ló ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní "toilet infection". Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé oníyàrá púpọ̀, tí ìdílé mẹ́jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ wá létí. Ìdọ̀tí ibẹ̀ ń bí wa nínú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àtọ̀sí àti chlamydia kì í ti ibi ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ ara. Ìbálòpọ̀ ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Obìnrin lè ní wọn láìmọ̀. Bí a kò bá tọ́jú wọn, wọ́n lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Oògùn tòótọ́ wà fún wọn, tọkọtaya ló sì gbọ́dọ̀ lò ó pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni kan yóò tún kó o ran ẹnì kejì.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí orúkọ yẹn ń ṣe. Nígbà tí ìpolówó bá ti di ẹ̀bi náà ru ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi ọkọ léèrè mọ́. Ilé dákẹ́, àlàáfíà wà, obìnrin nìkan ń mu agbo. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó wa gbé ìgò irú agbo bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé àwọn obìnrin. Ó ti ń mu ún fún ọdún méjì, ó ń wá ọmọ. Nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa kò bú agbo náà. Ó kàn bèèrè pé, "Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò?" Gbogbo yàrá dákẹ́. Nínú gbogbo ìpolówó tí a kà, kò sí ẹyọ kan tó bèèrè ìbéèrè yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ fún, ọ̀rọ̀ náà kan ara ọkùnrin.

Ti ìpara tún ńkọ́? Ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ìpolówó ìpara tó ń bóra ti pẹ́ nínú màgásíìnì ilẹ̀ Áfíríkà. Drum, tó bẹ̀rẹ̀ ní South Africa ní 1951, gbé wọn káàkiri, títí ìjọba South Africa fi fòfin de ìpara náà ní 1990, nígbà tí àwọn dókítà ti rí ojú tó dúdú bí aró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi hydroquinone pa á. Àwọn ìpara mìíràn ní mákúrì nínú, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́. NAFDAC tún pariwo nípa wọn ní 2023. Àwọn onípolówó ti gbọ́n: wọn kò sọ "bíbóra" mọ́. "Toning" ni wọ́n ń pè é, tàbí "glow". Orúkọ ló yí padà, ohun tó wà nínú ike rẹ̀ kò yí.

ÌWÉ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ YÍN YÌÍ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá bá àwọn ẹlòmíràn wí, tí a kò bá ara wa wí, a ti di alágàbàgebè. Nínú ìwé wa ti ọdún tó kọjá, ojú ewé kan tó kún fún àwọ̀ mèremère polówó agbo kan tó ń wo "gbogbo àrùn obìnrin, láti orí dé ẹsẹ̀". Àwa ìgbìmọ̀ yìí la gbà á. A kò bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, a sì fi kún owó gbọ̀ngàn. Nígbà tí a ń tò àwọn màgásíìnì yín sórí tábìlì, ìwé tiwa wà láàárín wọn. Ojú tì wá.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní 1892, ọdún 13 kí wọ́n tó tẹ àwòrán ibojì yẹn jáde, Ladies' Home Journal ti kọ̀ láti máa gba ìpolówó irú oògùn bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé owó wọn ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn. Bí wọ́n bá lè ṣe é nígbà náà, àwa náà lè ṣe é. Nítorí náà, a ń gbé ìmọ̀ràn yìí wá síwájú ẹgbẹ́:

Èkíní, a kò ní gba ìpolówó oògùn tí a kò bá rí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ NAFDAC tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì, a kò ní gba oògùn tó ń wo ohun gbogbo, tàbí tó ṣèlérí ọmọ, tàbí ìpara tó ń bóra, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà pè é. Ẹ̀kẹta, bí lẹ́tà ìyìn bá ṣe tóbi tó ni lẹ́tà ìkìlọ̀ yóò ṣe tóbi tó.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn agbẹ̀bí àti àwọn oníkẹ́míìsì wà nínú ẹgbẹ́ wa. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa jókòó fún wákàtí kan lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù, kí ìyàwó tuntun rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, kí àwọn ọkọ náà sì wá. Bí a bá ní kí wọ́n má gbọ́ ti ìyá inú màgásíìnì, tí a kò sì fún wọn ní ìyá mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni a ń sọ.

A mọ̀ pé owó yóò dín kù. Ojú ewé tí ó yẹ kí agbo náà gbà lọ́dún yìí ni ẹ ń kà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí olúkúlùkù fi díẹ̀ kún owó ìdá rẹ̀, kí àyè náà má bàa di gbèsè.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ìlera. Kí àwọn tó ń wá ọmọ rí ọmọ, kí àwọn ìyá wa dàgbà, kí wọ́n dogbó. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. A ó padà délé láyọ̀, nínú ara líle. Ire o.